Ibi Tí Ọkọ̀ Ekram Rì Sí

Ní Hijolbari, ẹni tó bá ní òun kò mọ odò wẹ̀, ìyàwó tuntun ni. Ọmọ ibẹ̀ ti ń wẹ̀ kó tó mọ orúkọ bàbá rẹ̀ í pè. Fún oṣù mẹ́fà nínú ọdún, omi á yí abúlé náà ká bí ọbẹ̀ ṣe ń yí òkèlè ká nínú àwo. Ní oṣù mẹ́fà yòókù, omi á fà, wọ́n á sì gbin ìrẹsì sí ibi tí ọkọ̀ ti ń kọjá. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìsàlẹ̀ omi náà fi ní orúkọ. Bí ẹnì kan bá ń tukọ̀ lọ, ó lè sọ pé, "Orí oko Motin la wà yìí o," ẹni tó jókòó tì í á sì mọ ibẹ̀ láìbẹ̀rẹ̀ wò.

Jomila kì í ṣe ìyàwó tuntun mọ́. Ó ti lo ọdún mẹ́jọ nílé ọkọ, ó sì ti mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àtàláátà kan, òun àti Golapjan, ìyá ọkọ rẹ̀, wà ní èbúté, wọ́n ń fọ ìkòkò. Tofail ọkọ rẹ̀ àti Ekram àbúrò ọkọ rẹ̀ ti gbé ọkọ̀ jáde lẹ́yìn ìrun àsùbáà láti lọ pẹja.

"Eérú tó o fi ń fọ ìkòkò yẹn kò tó, Jomila," ni Golapjan wí. "Àbí o fẹ́ máa wò ó títí ojú á fi tì í, tí á fọ ara rẹ̀ ni?"

"Ìyá, ìkòkò yìí jù mí lọ. Ẹ jẹ́ kí n bọ̀wọ̀ fún àgbà."

Golapjan rẹ́rìn-ín. "Ekram ló ń kọ́ ọ lọ́rọ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ ká tètè gbéyàwó fún un lẹ́yìn ìkórè, kí ẹnu rẹ̀ lè rí ibi jókòó sí."

Ibi tí wọ́n ti ń sọ èyí ni ọkọ̀ ọlọ́pẹ̀-òyìnbó kan ti yà sí èbúté. Ọjà ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń lọ tààrà, kì í yà sí Hijolbari. Tofail jókòó sáàárín òkìtì ọ̀pẹ̀-òyìnbó, aṣọ ẹlòmíràn ló bò ó lára, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n.

Golapjan wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Àbúrò rẹ dà?"

Tofail fa aṣọ náà mọ́ra.

"Tofail, mo ní àbúrò rẹ dà?"

"Ìyá, ìjì ló dojú ọkọ̀ dé. Mo wá a. Mo wá a, Ìyá."

"Níbo?"

Tofail wo omi fún ìgbà díẹ̀ kó tó dáhùn. Jomila rí i pé ó kọ́kọ́ wo omi náà, ṣùgbọ́n kò ro nǹkan kan sí i nígbà náà.

"Ní Kaurjani," ni Tofail wí. "Lẹ́bàá igi hijol méjì yẹn."

Kaurjani ni omi tí gbogbo ayé lè pẹja nínú rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ogún ọkùnrin ti gbé ọkọ̀ débẹ̀. Àwọn ọkùnrin so ìwọ̀ ńláńlá mọ́ okùn, wọ́n ń wọ́ ọ nílẹ̀ omi. Ẹ́ńjìnnì ń bú ramúramù lọ sókè sódò. Wọ́n rí àwọ̀n tó ti jẹrà, wọ́n rí ìdajì apẹ̀rẹ̀ kan, wọn kò rí Ekram.

*

Ní ọ̀sán yẹn, Jomila ń fi òróró gbígbóná ra àyà ọkọ rẹ̀. Ruku ọmọ wọn obìnrin ti wà nílé aládùúgbò. Tofail di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú.

"Ìyá Ruku, ti ilẹ̀kùn yẹn."

Ó tì í.

"Kì í ṣe Kaurjani."

"Kí ni kì í ṣe Kaurjani?"

"Inú Dubli la wà. Ibẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀."

Ọwọ́ Jomila dúró. Dubli ni adágún tí ọkùnrin ọlọ́rọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Chowdhury gbà lọ́dọ̀ ìjọba fún ọdún mẹ́ta. Àsíá pupa wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì ń gbé inú ahéré tó dúró lórí òpó láàárín omi. Chowdhury nìkan ló ni ẹja ibẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ká Motin mọ́bẹ̀. Wọ́n ṣẹ́ ẹ lápá, wọ́n gba ọkọ̀ rẹ̀, ó sì lo ogójì ọjọ́ ní àtìmọ́lé.

"Kí lẹ lọ ṣe ní Dubli, Bàbá Ruku?"

"Ẹja wo ló kù ní Kaurjani? Ekram ló ní ká lọ. Rárá, èmi ni. Èmi ni mo ní ká lọ."

"Èèyàn ogún ló wà ní Kaurjani níbẹ̀ yẹn tí wọ́n ń wá a! Lọ sọ fún wọn."

"Ekram ti kú, Jomila. Bí wọ́n bá wá mú mi, ta ni yóò bọ́ Ìyá? Ta ni yóò bọ́ Ruku? Omi kì í gbé òkú mì. Ní ọjọ́ kẹta, á fúnra rẹ̀ gbé e jáde, atẹ́gùn á sì gbé e kúrò ní Dubli. Kò sẹ́ni tó máa mọ ibi tó ti wá." Ó fa ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra. "Ọjọ́ mẹ́ta péré. Fi orúkọ Ọlọ́run ṣèlérí fún mi."

Jomila wo ọkọ rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti bó nítorí òtútù. Ó ṣèlérí.

*

Ní ọjọ́ Àlàrùbá, Mẹ́ńbà tó ń ṣojú abúlé wọn ní káńsù tẹ fóònù. Kó tó di agogo mẹ́wàá, ọkùnrin méjì dé láti ìlú. Èkíní ni Nirmol Borman, ọmọ apẹja kan tó mọ omi bí ẹní mọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Èkejì ni Sattar, tó máa ń mòòkùn lọ sísàlẹ̀ omi. Àpò kan àti bátìrì kan bíi ti ọ̀kadà ni wọ́n gbé dání.

Nínú àpò náà ni Nirmol ti mú nǹkan kan jáde tó gùn tó apá ọmọdé. Ó so ó mọ́ ọ̀pá ọparun, ó so ọparun mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó sì ki ẹnu rẹ̀ bọ omi. Okùn wáyà kan lọ láti ibẹ̀ sínú ẹ̀rọ kékeré tó ní ojú bíi ti tẹlifíṣọ̀n.

Ayatun aládùúgbò wọn ká ọwọ́ lérí. "Ṣé nǹkan tí kò tó ọmọ odó yìí ló máa rí ohun tí ogún ọkùnrin kò rí?"

"Ẹ̀yin ìyá," ni Nirmol dá a lóhùn, "ojú tiyín náà kò tóbi, mo sì gbọ́ pé ó ń rí gbogbo ẹni tó bá jí adìyẹ yín."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n sì rántí ohun tó kó wọn jọ, wọ́n dákẹ́.

Golapjan ló bèèrè pé, "Ọmọ mi, báwo ló ṣe ń ríran?"

Nirmol bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ìyá, bí ẹ bá dúró níwájú ògiri mọ́sáláàsí tí ẹ pariwo, ṣé ohùn yín kò ní padà wá bá yín?"

"Á padà."

"Ohun tó ń ṣe nìyẹn. Sónà ni wọ́n ń pè é. Ó ń ju ìró sọ́tùn-ún àti sósì nísàlẹ̀ omi. Ìró tó bá kan nǹkan á padà, ẹ̀rọ á sì fi ya àwòrán. Nǹkan tó bá le á funfun, òjìji rẹ̀ á dúdú lẹ́yìn rẹ̀. Omi yín kò jìn, ìyẹn sì dára fún un. Ojú èèyàn kò lè ríran nínú ẹrẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ kì í dí ìró lọ́wọ́."

Ó dìde, ó yíjú sí àwọn ọkùnrin. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó ìwọ̀ yín sókè. Ìwọ̀ á wọ́ ẹni tí à ń wá kúrò níbi tó wà, á sì ya á lára. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì yín pẹ̀lú. Ìfófòó tí ẹ́ńjìnnì ń tú sínú omi ló ń dí ojú ẹ̀rọ wa."

Golapjan ní òun á bá wọn lọ. Wọ́n ní kó dúró sílé, ó ní ọmọ ta ni wọ́n ń lọ wá. Bẹ́ẹ̀ ni Jomila ṣe bá a wọ ọkọ̀, kó lè máa dì í mú.

Nirmol ń tu ọkọ̀ bí ẹni tó ń fi màlúù túlẹ̀. Á lọ tààrà, á yí padà, á sì bọ̀ tààrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ poro ti àkọ́kọ́. Lójú ẹ̀rọ náà, ìsàlẹ̀ omi ń jáde díẹ̀díẹ̀, bí aṣọ tó ń tú kúrò lára ìdì. Wọ́n rí ipa tí ìwọ̀ ti fà lánàá. Wọ́n rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi sóko, tó ti rì láti ìgbà ìkún omi ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Lójijì, Golapjan na ìka.

"Ààlà oko wa nìyẹn!"

Ìlà funfun kan ló gba àárín àwòrán náà kọjá.

"Ekram ló fi ẹrẹ̀ mọ ọ́n," ni Golapjan wí. "Lẹ́yìn ìkórè tó kọjá ni. Mo ní kó jẹ́ kó tọ́, ó ní, 'Ìyá, ta ló máa rí i lábẹ́ omi?'"

Jomila tẹjú mọ́ ìlà yẹn títí ó fi kọjá.

Ní ìrọ̀lẹ́, nǹkan gígùn kan yọ lójú ẹ̀rọ. Sattar mòòkùn lọ bá a. Golapjan ń ka kálímà títí ó fi jáde. Ìtì igi ni.

Lẹ́yìn tí wọ́n padà dé, Nirmol lọ bá Tofail níbi tó jókòó sí lẹ́bàá ilé.

"Tofail, nígbà tó o yọ sójú omi, kí lo kọ́kọ́ rí?"

"Igi."

"Kí ló wà lẹ́yìn igi náà? Ilé? Mọ́sáláàsí? Ilé ìsunbíríkì?"

"N kò rántí."

"O rọ̀ mọ́ igi títí ìjì fi rọlẹ̀, o kò rántí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, àbúrò mi ló kú! Ṣé ẹjọ́ lẹ wá ń dá fún mi ni?"

Nirmol gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Rárá o. N kì í ṣe ọlọ́pàá, n kì í sì í bèèrè ohun tí ẹnikẹ́ni lọ ṣe lórí omi. Ibi tó wà nìkan ni mò ń bèèrè. Ẹ̀rọ yìí kì í purọ́, ṣùgbọ́n kò lè rí ibi tí a kò gbé e dé."

Jomila gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìdí ààrò. Ìrẹsì jóná mọ́ ọn lọ́wọ́.

*

Ọjọ́ Àlàmísì ni ọjọ́ kẹta. Tofail ti wà létí omi kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ń wo ọ̀nà Dubli. Omi kò gbé nǹkan kan jáde. Nirmol tún ti tú gbogbo Kaurjani lẹ́ẹ̀kejì, kò sí nǹkan kan.

Golapjan kò tíì jẹun láti ọjọ́ Àtàláátà. Jomila gbé ìrẹsì tí wọ́n fi omi rẹ sílẹ̀ láti àná lọ bá a ní èbúté, pẹ̀lú ata tútù kan.

"Ìyá, ẹ tọ́ ọ wò lásán."

"Jókòó, Jomila."

Ó jókòó.

"O mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń sun bíríkì ni bàbá wọn kú sí, ní ọ̀nà jíjìn. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Wọ́n ní ooru pọ̀, pé àwọn kò lè dúró dè mí. N kò rí ojú rẹ̀. Ó ti di ọdún mẹ́tàdínlógún báyìí, nígbà mìíràn bí mo bá jí, mo máa ń rò pé ó ń bọ̀." Ó nu ojú pẹ̀lú etí sárì rẹ̀. "N kò bẹ Ọlọ́run pé kó dá Ekram padà. Ohun tó bá ti mú, ó ti mú un. Kó ṣáà jẹ́ kí n rí ojú ọmọ mi kí wọ́n tó bò ó. Ìyẹn nìkan."

Jomila gbé àwo náà sílẹ̀. Ó fẹ́ sọ ọ́. Ó rò ó pé òun á sọ ọ́ nísinsìnyí. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí Ruku lọ́rùn bàbá rẹ̀, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, ó rí Nirmol tó ń ká wáyà.

"Ṣé ẹ ti ń lọ ni, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ọkọ̀ kan dojú dé ní apá ìwọ̀-oòrùn lálẹ́ àná. Àwọn ìyá ibẹ̀ náà ń dúró." Kò wo ojú rẹ̀. "Mo ti ṣe ohun tí mo lè ṣe níbí. Ẹ fi orí jì mí."

Golapjan dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn ń wo wáyà tó ń wọ inú àpò. Ìyẹn ló ṣẹ́ agbára Jomila.

"Ẹ má tíì ká a tán," ni ó wí.

Nirmol gbé ojú sókè.

"Kì í ṣe Kaurjani. Dubli ni. Inú omi Chowdhury ni."

Tofail fò dìde. "Jomila!"

"Bàbá Ruku, ó tó gẹ́ẹ́. Ó ti tó."

Golapjan rọra yíjú sí i. "Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ Àtàláátà, Ìyá."

"Àná tí mo bá ọ jókòó níbí, o mọ̀?"

"Mo mọ̀, Ìyá."

Golapjan kò bú u. Kò gbé ọwọ́ sí i. Ó wulẹ̀ di etí ọkọ̀ mú, ó gùn ún, ó sì jókòó. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni ó wí fún Nirmol.

*

Mẹ́ńbà àti Tofail bá wọn lọ. Bí wọ́n ṣe kọjá àsíá pupa, ọkọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ já pàdé wọn. Keramot olórí wọn dúró níwájú, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ni yín? Kí lẹ̀ ń wá níbí?"

"Òkú là ń wá," ni Mẹ́ńbà dáhùn. "Ọmọ ìyá yìí. Omi yín ló rì sí ní ọjọ́ Àtàláátà."

Keramot wo Golapjan. Ó sọ ọ̀pá náà sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

"Ní ọjọ́ Àtàláátà? Tí ẹ fi wá di òní? Mẹ́ńbà, àwọn tó ń jí ẹja là ń lé, a kì í lé òkú. Ọkọ̀ mẹ́ta la ní níbí. Gbogbo wa là bá jáde!" Ó yíjú. "Níbo ni?"

Tofail fi ọwọ́ tọ́ka. "Láti igi koroch yẹn. Bí o bá tò ó mọ́ òpó ahéré yín."

Nirmol mi orí. Ohun tó ń bèèrè láti ọjọ́ Àlàrùbá nìyẹn. Ó ki ẹ̀rọ bọ omi, ó tu ọkọ̀ ní poro kìíní, ó yí padà. Ní poro kejì, nǹkan kan yọ, tó rí gbọọrọ, tó ṣe ṣóńṣó lórí àti nídìí bí ewé ọparun. Ọkọ̀ wọn ni. Àwọ̀n ṣù mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nínú àwọ̀n náà, ohun kan wà tí òjìji rẹ̀ ní apá méjì.

Kò tó ogún ìṣẹ́jú.

Nirmol fi ara rẹ̀ bo ojú ẹ̀rọ kí Golapjan má baà rí i. Ṣùgbọ́n ó ti rí i.

Bí Sattar ṣe ń múra láti mòòkùn, Keramot ń wo igi koroch náà, ó tún wo ahéré. Kò tó ogójì ìgbésẹ̀ láàárín wọn.

"Ọ̀gbẹ́ni," ó wí fún Tofail, ohùn rẹ̀ kò le, "bí adìyẹ bá sín níbí, à ń gbọ́ ọ. Kí ló dé tí o kò ké pè wá?"

Tofail dojú bolẹ̀ nínú ọkọ̀.

"Ó yọ lẹ́ẹ̀kan," ni ó wí. "Ó pe orúkọ mi. Àwọ̀n ti lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Mo fà á, ó wúwo, ó sì bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo rí iná ahéré yín. Mo rò pé bí mo bá ké, ẹ máa wá mú wa." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu bí ẹni pé ó tún wà lórí igi náà. "Mo pa ẹnu dé."

Ó gbé ojú sókè sí Nirmol. "Ẹ̀gbọ́n, ká ní mo ké nígbà yẹn ńkọ́? Ká ní mo ké?"

Nirmol jókòó tì í.

"N kò mọ̀," ni ó wí. "N kò ní purọ́ fún ọ láti tù ọ́ nínú. N kò mọ̀."

*

Ọjọ́ mẹ́rin ni Ekram ti lò nínú omi, ooru sì mú. Aṣọ funfun ni Sattar fi dì í kó tó gbé e wọ ọkọ̀, ó sì dì í pinpin. Ààfáà ní kí wọ́n da omi lé e lórí láti òkè aṣọ, pé Ọlọ́run mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Golapjan bẹ̀bẹ̀.

"Ojú rẹ̀ nìkan. Ẹ ṣí i díẹ̀ fún mi."

"Ìyá," ni Nirmol wí, omi sì ń bọ́ lójú òun náà, "ẹ jẹ́ kó wà lójú yín bó ṣe wà nígbà tó ń bọ̀ lóko. Ẹ má ṣe jẹ́ ká fi èyí rọ́pò rẹ̀."

Golapjan gbé àtẹ́lẹwọ́ lé òkè aṣọ náà, níbi tí ojú wà. Ó fi í síbẹ̀ pẹ́. Wọ́n kírun sí òkú lára lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n sì gbé e lọ.

Àwọn ọlọ́pàá wá kọ ọ̀rọ̀ Tofail sílẹ̀. Chowdhury ní òun kò bá ilé ọ̀fọ̀ ṣẹjọ́. Wọ́n ní Tofail kò gbọ́dọ̀ tún sọdá àsíá pupa, ó tán. Ohun tó torí rẹ̀ pa ẹnu dé kò ju ìyẹn lọ.

Golapjan ń jẹun báyìí. Ó ń bu oúnjẹ fún Tofail pẹ̀lú, ó ń gbé e síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í wo ojú rẹ̀. Ní ti Jomila, wọ́n tún jọ ń fọ ìkòkò. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ọjọ́ kan ni Golapjan wí láìgbójú sókè pé, "O sọ ọ́ nígbà tí o lè sọ ọ́." Jomila kò mọ̀ bóyá ìdáríjì ni.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé létí omi, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí ọkọ̀ bá rì, ẹ kọ́kọ́ ké. Ẹ ké pe ẹni tó bá wà nítòsí, ì báà jẹ́ ọ̀tá yín. Ẹni tó ń rì kò ní àkókò láti dúró de ọ̀rẹ́.

Ẹ sàmì sí ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ọparun bá wà, ẹ rì í mọ́lẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ so òkúta mọ́ kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan pẹ̀lú okùn gígùn, kẹ ju òkúta sómi. Bí ẹ kò bá ní nǹkan kan lọ́wọ́, ẹ wo igi kan àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ẹ wá wo igi mìíràn lápá kejì pẹ̀lú ohun tó wà lẹ́yìn tiẹ̀. Ìwòye kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlà kan; ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé, ibẹ̀ ni ọkọ̀ rì sí. Ẹ sọ ọ́ sókè kí ẹ má baà gbàgbé rẹ̀.

Ẹ má wọ́ ìwọ̀, ẹ má fi ẹ́ńjìnnì sáré lórí ibẹ̀. Ẹ tètè pe àwọn tó ní ẹ̀rọ tó ń fi ìró wo ìsàlẹ̀ omi. Ẹ má sọ pé ẹ máa dúró de ọjọ́ kẹta. Ẹni tí àwọ̀n bá dì mú kì í fúnra rẹ̀ jáde.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ sọ òtítọ́ nípa ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó wá bá yín wá òkú kò bèèrè ẹja tí ẹ lọ pa. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù, ẹ sọ ọ́ fún Mẹ́ńbà yín, fún ààfáà yín, fún ìyàwó yín, kó bá yín sọ ọ́. Ẹ̀yin ìyàwó, bí ọkọ yín bá ní kẹ́ ẹ ṣèlérí irú èyí, ẹ má ṣe é.

Ẹni tó ti rì kò lè sọ ibi tí òun wà. Ìwọ tó yè ni ẹnu rẹ̀.